Ìmọ́ra Wa Kò Gbọdọ̀ Parí sí Ojú Àlùwàlá

KÙTÚBÀ KÌÍNÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń sọ omi mímọ́ kalẹ̀ láti sánmọ̀, tí Ó fi ń jí ilẹ̀ tí ó ti kú, tí Ó sì fi ń wẹ ẹrú Rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ẹ̀gbin. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Òun nìkan. A tún jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbéǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń ṣe wáàsí fún kí n tó ṣe é fún yín: ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ gan-an ni a fẹ́ sọ lónìí. Ó jẹ mọ́ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe nígbà tí ojú ẹlòmíràn kò tó o, tí ojú sì máa ń tì wá láti dárúkọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì wá. Ó wà nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá pé àwọn kèfèrí kan fi Salmān ará Páṣíà ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ànábì wọn ń kọ́ wọn ní ohun gbogbo, títí kan bí wọn yóò ṣe máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Salmān kò sẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì to àwọn òfin náà fún wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí Ànábì kò tijú láti kọ́ wa, a kò gbọdọ̀ tijú láti kọ́ ara wa.

Òní Jímọ̀h, a wẹ̀, a ṣe àlùwàlá, a wọ aṣọ tó mọ́, a sì fi lọ́fínńdà kan ara. Ìbéèrè méjì péré ni mo fẹ́ kí á mú lọ sílé lẹ́yìn ìrun: omi tí a fi ṣe àlùwàlá náà, níbo ni a ti pọn ọ́n? Ìgbẹ́ tí a yà láàárọ̀ yìí, níbo ni ó lọ?

Ohun tí òfin Ọlọ́hun sọ

Nínú Súúrà Al-Baqarah, àyah 222, Ọlọ́hun fi yé wa pé Òun fẹ́ràn àwọn tó ń ṣe ìmọ́ra, Ó sì dá wọn pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ronú pìwà dà. Nínú Súúrà At-Taobah, àyah 108, Ó yin àwọn olùjọsìn kan nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìmọ́ra. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ka ìmọ́ra sí ìdajì ìgbàgbọ́.

Ṣùgbọ́n òfin ìmọ́ra kò dúró sí ara ẹni nìkan. Nínú hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá láti ọ̀dọ̀ Mu'ādh, Ànábì kìlọ̀ fún wa nípa ibi mẹ́ta tí ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ ń fa ègún: ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, àti ibòji tí wọ́n ń sinmi sí. Nínú hádíìsì mìíràn, ó kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tó dúró sójú kan. Kí ni àwọn ibi wọ̀nyí fi jọra? Gbogbo ènìyàn ló ni wọ́n. Ẹni tó bá ba ohun tí gbogbo ayé jọ ń lò jẹ́ ti fi orí ara rẹ̀ ṣọfà fún èpè. Àwọn ènìyàn yóò máa ṣépè láìmọ ẹni tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ fún, Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún rántí sàréè méjì tí Ànábì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, tó sì sọ fún àwọn sàábé rẹ̀ pé ìyà ń jẹ àwọn tó wà nínú wọn. Ọ̀kan ń ṣòfófó kiri nígbà ayé rẹ̀. Èkejì kì í ṣọ́ra fún ìtọ̀ rẹ̀. Nǹkan kékeré ni èyí lójú ayé, ṣùgbọ́n kì í ṣe kékeré ní sàréè. Bí ìtọ̀ tó ta sí ara ẹni bá lè di ọ̀ràn báyìí, kí ni a ó wí nípa ìgbẹ́ tí a dì sínú ọ̀rá, tí a jù sínú gọ́tà lóru, tí ọmọ ọlọ́mọ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀?

Kànga àti ṣáláńgá

Orúkọ àdúgbò wa ti sọ irú ilẹ̀ tí a wà. Ìsàlẹ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀ ní Òṣogbo, omi a máa wá ojú odò Ọ̀ṣun lọ, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbà. Agbo ilé àtijọ́ pọ̀ láàárín wa. Bàbá gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí àyè ṣì wà. Ọmọ bí ọmọ, wọ́n fa iyàrá kún iyàrá. Ṣáláńgá kún, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ibi tí àyè kù. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n ní ilé mìíràn lónìí, ènìyàn lè dúró sí ẹnu kànga kí ó ju òkúta sórí ṣáláńgá.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, èyí tó tó nǹkan bí 40 ìgbésẹ̀ àgbàlagbà, kí ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀ sì fi mítà kan àti ààbọ̀ ga ju omi inú ilẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ a máa sẹ́ ẹ̀gbin kúrò nínú omi bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, ṣùgbọ́n ó nílò àyè tó pọ̀ tó kó tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìgbẹ́ bá ti bá omi inú ilẹ̀ pàdé, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí yóò bá omi náà rìn wọ inú kànga. Nígbà òjò, omi inú ilẹ̀ a máa gòkè, ọ̀nà náà a sì kúrú sí i. Ìgbà náà ni ìgbẹ́ gbuuru, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbá méjì máa ń wọlé tọ àwọn ọmọ wa.

Ẹnì kan lè wí pé: "Alfa, omi kànga mi mọ́ gaara, kò rùn, adùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ṣebí fíkì ní irú omi bẹ́ẹ̀ tó ṣe àlùwàlá?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tó tó ṣe àlùwàlá lè má tó mu. Òfin àlùwàlá ń wo ohun tí ojú, imú àti ahọ́n lè mọ̀, kí ẹ̀sìn má baà nira fún wa. Àrùn kò dúró de ojú àti imú. Ànábì kan náà ló kọ́ wa pé kí ẹni tó jí lójú oorun má ṣe ti ọwọ́ bọ inú igbá omi títí yóò fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé kò mọ ibi tí ọwọ́ náà sùn sí. Ẹ kíyè sí ìdí tó mú wá: kò mọ̀. Ohun tí a kò rí, tí a kò sì mọ̀, ẹ̀sìn ní kí á ṣọ́ra fún un.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá náà wà níbẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí òjò kì í ṣú kí wọ́n má gbé ìdọ̀tí jáde. Wọ́n á dà á sójú àgbàrá, wọ́n á ní òjò ti gbé e lọ. Òjò kò gbé e lọ. Ó gbé e fún ẹlòmíràn ni. Odò Ọ̀ṣun tó ń kọjá lọ́dọ̀ wa yìí, ó ń ṣàn lọ títí dé adágún omi Asejire, ibẹ̀ sì ni a ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ìwakùsà góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, gbogbo wa la bínú, a ní àwọn tó wà lókè odò kò ro ti ará ìsàlẹ̀. A sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ ará ìsàlẹ̀ nìkan. Àwa tí a ń bínú yìí, àwa náà ni ará òkè odò fún Ìbàdàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí dé bá rí. Ní ọdún 1854, ní àdúgbò Broad Street ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àrùn onígbá méjì pa ju 500 ènìyàn lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fà á. Dókítà John Snow ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí àwọn tó kú ti ń pọn omi. Ẹ̀rọ omi kan náà ni ìdáhùn ń tọ́ka sí. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn aláṣẹ àdúgbò, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ṣàìsàn nínú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ìyá rẹ̀ fọ aṣọ ìgbẹ́ ọmọ, ó sì da omi rẹ̀ sínú kòtò ìgbẹ́ ilé. Kòtò náà ń jò, kò sì jìnnà sí kànga ẹ̀rọ náà ju nǹkan bí mítà kan lọ. Ohun tí abiyamọ gbogbo ń ṣe ni ìyá náà ṣe. A kò lè dá a lẹ́bi. Ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò náà sí ló pa àwọn aládùúgbò. Ẹ̀yin ará mi, mítà kan péré ni. Ẹ padà sí ẹ̀yìnkùlé yín, kí ẹ sì wọn tiyín.

Wólewólé àti Ọba tí kì í sùn

Àwọn àgbà tó jókòó síhìn-ín kò tíì gbàgbé wólewólé. Bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀ lójúde, ilé yóò di gbígbá, wọn yóò sì da omi tó ní tanwíjí nù kúrò nínú àmù. Ìjọba ológun ọdún 1984 sí 1985 tún fi ipá mú wa gbá àyíká wa. A gbá a nítorí ẹ̀rù ṣọ́jà. Nígbà tí ṣọ́jà lọ, ìgbálẹ̀ náà lọ sí kọ̀rọ̀.

Olórí ìjọba ìgbà náà, Muhammadu Buhari, tún padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ tí a dìbò yàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ó kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó fọwọ́ sí Àṣẹ Ààrẹ kẹsàn-án, pé kí ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba dópin nígbà tí ọdún 2025 bá fi máa dé. Ọdún náà dé, iṣẹ́ náà kò parí. Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNICEF ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 48 ènìyàn ló ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 2021 yẹn kan náà, àwọn tí a fura sí pé àrùn onígbá méjì mú ní Nàìjíríà ju 100,000 lọ, àwọn tó kú nínú wọn sì ju 3,500 lọ.

Ìjọba ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti ṣe, a ó sì máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé omi mímọ́ àti ìmọ́tótó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ní Iléṣà, Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù ló yá ìpínlẹ̀ wa lówó fún iṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó ìgboro. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kò sí báńkì tí yóò bá wa fọ ọwọ́ ọmọ wa, kò sì sí wólewólé tí yóò sùn sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ọba tí kì í tòògbé, tí kì í sùn, Òun nìkan ló ń rí kọ̀rọ̀. Bí a bá ń gbálẹ̀ nítorí Rẹ̀, a kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kí á tó gbé ìgbálẹ̀.

Onílé àti ayálégbé

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin onílé sọ̀rọ̀, èmi náà sì ń gbọ́ ọ. Onílé gba owó ilé ọdún kan gbáko, ó kó ìdílé mẹ́fà sínú ilé. Nígbà tí ayálégbé béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó nawọ́ sí ààtàn. Òmíràn ní in tẹ́lẹ̀, ó wó o, ó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìlànà ńlá kan nínú ẹ̀sìn wa ni pé a kò gbọdọ̀ ni ara wa lára, a kò sì gbọdọ̀ fi ìnira san ìnira. Owó ilé tí ènìyàn gbà, tí kò fún ẹni tó san án ní ibi tí yóò ti ṣe ohun tí Ọlọ́hun dá mọ́ gbogbo ẹ̀dá, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá halaali ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ ro ti àwọn obìnrin ilé. Ọkùnrin lè rin lọ sí ibi tó wù ú. Ọmọbìnrin yóò mú un mọ́ra títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, lẹ́yìn náà yóò jáde lọ bá ejò àti ènìyàn burúkú nínú òkùnkùn. Ànábì wa máa ń rìn jìnnà nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kí ojú má baà rí i. Ó sì kọ́ wa pé ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́ ni ìtìjú. A ní kí ọmọbìnrin wa fi híjáábù bo ara, a ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n a kò fún un ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí yóò tì nígbà tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n tàbí tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀. Ẹni tó ní kí á bo ara, ṣé kò yẹ kí ó kọ́ ibi tí a ó bò ó sí?

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn ni, Aláàánú ni.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun lórí oore Rẹ̀ gbogbo. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì àti àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí á wo mọ́ṣáláṣí tiwa. A ra ẹní tuntun, a ra fáànù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ta ni ó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa? Ṣé ọṣẹ wà níbẹ̀? Ṣé àwọn ìyá wa rí ilẹ̀kùn tì? Obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tó máa ń gbá mọ́ṣáláṣí Ànábì. Ó kú, wọ́n sin ín láìsọ fún Ànábì, nítorí wọ́n rò pé kò já mọ́ nǹkan. Ànábì béèrè rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Jamáà tó bá ń fojú di ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, kí ó rántí obìnrin náà. Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìpàdé wọn tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí lọ sílé:

1. Ọwọ́. Kí á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn tí a bá nu ìdí ọmọ, kí á tó dáná, kí á tó jẹun. Bí ọṣẹ kò bá sí, eérú ń ṣiṣẹ́. Maemunah, ìyàwó Ànábì, sọ pé nígbà tí Ànábì ń wẹ̀ ìwẹ̀ jánábà, ó fọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ra ilẹ̀ kí ó tó fọ̀ ọ́. Omi nìkan kò tó o.

2. Ìgbẹ́ ọmọdé. Àwọn kan rò pé kò léwu. Ó léwu bíi ti àgbà. Inú ṣáláńgá ni kí á dà á sí, kì í ṣe orí ààtàn.

3. Kànga. Kí á mọ ẹnu rẹ̀ ga, kí á dé e, kí garawa ìfami má sì máa jókòó sórí ilẹ̀. Omi mímu, kí á sè é títí yóò fi hó, kí á sì dé e. Ànábì ló ní kí á máa dé ohun èlò wa lálẹ́.

4. Ṣáláńgá. Kí á dé ihò rẹ̀ nítorí eṣinṣin. Ilé tí kò ní àyè, kí ó bá ilé kejì àti ẹ̀kẹta pawọ́ pọ̀ kọ́ ẹyọ kan tó dára, tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀, tó sì jìnnà sí kànga gbogbo wọn.

5. Àgbàrá. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni nínú jamáà yìí má ṣe da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ mọ́.

6. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, kí á po ṣíbí ìpotíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, tí a fi nǹkan gé orí wọn dọ́gba, mọ́ lítà kan omi tí a sè tó ti tutù. Kí á máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí á sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọwọ́ le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí owó wa ń lọ. Sa'd ọmọ Ubādah béèrè lọ́wọ́ Ànábì pé sàráà wo ló dára jù tí òun lè ṣe fún ìyá òun tó ti kú. Ànábì ní omi ni. Sa'd gbẹ́ kànga. Uthmān, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, fi owó ara rẹ̀ ra kànga Rūmah, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo mùsùlùmí. Lónìí, bí ẹnì kan bá kú nínú wa, a máa ń wá owó màlúù fìdáù kiri, kódà bí ó di gbèsè. Ẹran náà a tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọmọ olóògbé bá fi owó màlúù kan kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí agbo ilé bàbá rẹ̀, gbogbo ọjọ́ tí opó kan bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ọmọ kan kò sì ṣàìsàn nítorí rẹ̀, a ní ìrètí pé èrè yóò máa lọ bá òkú náà ní sàréè. Sàráà tí kì í dáwọ́ dúró nìyẹn.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, wẹ ọkàn wa mọ́ bí o ṣe fi omi wẹ ara wa mọ́. Má ṣe jẹ́ kí á di ẹni tí aládùúgbò ń ṣépè fún láìmọ orúkọ wa. Bùkún kànga wa, dáàbò bo àwọn ọmọ wa, fi ìlera fún àwọn aláìsàn wa. Fún àwọn aláṣẹ wa ní ọkàn tí yóò ro ti aláìní. Kẹ́ àwọn òkú wa. Tẹ́wọ́ gba ìrun wa lónìí. Àmín.

Ẹ dìde, kí ẹ to sàfù yín gún. Kí Ọlọ́hun ṣàánú wa.